Ẹ Bá Wa Gba Láísẹ́ńsì fún Ọmọ Odó

  

Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbá àti ọ̀rọ̀ àwọn tó jẹ owó àjọ la sábà máa ń sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìbọn la fẹ́ sọ. Kí ẹnikẹ́ni má bi wá pé kí ló kan aláta nínú ọ̀rọ̀ ìbọn. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ta ló ń sùn sí ọjà lálẹ́ tí ẹrù wa fi ń wà níbẹ̀ di àárọ̀? Ọdẹ ni. Kí ló wà lọ́wọ́ ọdẹ? Tọ́ọ̀ṣì kan, fèrè kan, àti ìbọn ṣakabùlà tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé obìnrin ò mọ̀ nípa ìbọn. Ẹ bá wa bi wọ́n léèrè ta ni Ẹfúnróyè Tinúubú. Oníṣòwò bí tiwa ni. Òun ló wá ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn Ẹ̀gbá nígbà tí Dahomey gbógun ti Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde ní 1864. Ní Oǹdó tiwa ńbí, ṣebí Lóbùn, tí í ṣe obìnrin, ló ni àṣẹ ọjà, tí kò sì sí Ọṣemàwé tó lè gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ tẹnu wa.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ nìyí. Bàbá kan wà tó ń ṣọ́ ọjà fún wa, ó ti dàgbà, ó sì mọ gbogbo wa lórúkọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àwọn kan dá a dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ìwé ìbọn ẹ dà? Bàbá ní kò sí ìwé, bàbá òun ló fi sílẹ̀ fún òun. Wọ́n gba ìbọn. Wọ́n ní ìbọn ló ń pa èèyàn, pé bí ìbọn bá ti tán nílùú, ìlú á tòrò. Bàbá fi igi wá síbi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i tí àwọn olè wá já ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Àwọn yẹn ní ìbọn lọ́wọ́ o. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìwé.

Nígbà tí a jókòó rò ó, a ní bóyá àwa la ò gbọ́n. Bó bá jẹ́ pé gbígba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ló ń mú àlàáfíà wá, kí ló dé tí a fi máa dúró lórí ìbọn nìkan? Ohun tó lè pa èèyàn nínú ilé ìdáná wa kò kéré. Ẹ jẹ́ ká bá ìjọba ṣe òfin tuntun, ká pè é ní Òfin Ohun Èlò Ìdáná. A ò ní dá a ṣe látinú orí wa, inú òfin ìbọn gan-an la ti máa wò ó kọ.

Òfin ìbọn tí Nàìjíríà ń lò, 1959 ni wọ́n ti ṣe é, òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ ni ìbọn ogun, tí ó jẹ́ pé ààrẹ nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Ti èkejì ni ìbọn ọdẹ òyìnbó, tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ń fún èèyàn ní ìwé rẹ̀. Ti ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti irú rẹ̀, tí ó fi sábẹ́ ètò ìpínlẹ̀. Òfin yìí tún ka irú èèyàn márùn-ún tí kò yẹ kí wọ́n fún ní ìwé ìbọn: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi láàárín ọdún márùn-ún nítorí pé ó lu èèyàn tàbí pé ó fi lílù dẹ́rù bà á.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká gbé e wọ ilé ìdáná.

Ọ̀bẹ la máa kọ́kọ́ mú. Láti òní lọ, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò gbọdọ̀ rẹ́ ilá mọ́. Kí ìyá rẹ̀ wá fi ẹnu rẹ́ ẹ. Ìyá àgbà tó ti ń lẹ̀gẹ́ lọ, tó ti ń rẹ́ ẹ̀fọ́ láti ayé Ọba Adésídà, ojú ti ń ṣe bàìbàì, ẹ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn. Alápatà tó máa ń mu ògógóró díẹ̀ kí ọwọ́ tó yá, ẹ gba tirẹ̀ náà; kó máa fi ọwọ́ fa ẹran ya. Ti ẹni tí orí rẹ̀ kò pé ló wá le díẹ̀. Oníṣòwò wo lorí rẹ̀ máa ń pé lọ́jọ́ tí oníbàárà bá na ọjà N10,000 ní N2,000, tó sì tún ń bínú?

Ti ẹ̀karùn-ún ló máa kó gbogbo wa. Ẹni tó fi lílù dẹ́rù ba èèyàn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi ọwọ́ sọ́yà. Ta ni nínú wa tí kò tíì sọ fún ọmọ rẹ̀ rí pé "Jẹ́ kí n dé 'lé o, màá pa ẹ́ lónìí"? Bí wọ́n bá gbé ìyẹn dé kóòtù, kò sí ìyá kan nílùú Àkúrẹ́ tó máa ní láísẹ́ńsì ọ̀bẹ.

Ó wá kan ọmọ odó. Èyí tí a fi ń gún ata díẹ̀, ìpele kẹta nìyẹn, ìjọba ìpínlẹ̀ lè bójú tó o. Èyí tí a fi ń gún ẹ̀gẹ́, ìpele kejì, kí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ odó ti Oǹdó, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, èyí tí wọ́n fi ń gún iyán fún ogún àlejò lọ́jọ́ ìnáwó! Ohun ìjà ogun pátápátá nìyẹn. Àbújá la ti máa gba ìwé rẹ̀, ààrẹ ló sì máa fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá gbọ́ tí ilé mẹ́ta ń gún iyán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní àdúgbò kan, ẹ tètè pe ṣọ́jà, ọmọ ogun ló ń kóra jọ.

Ata náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá da ata gígún sójú èèyàn ti ṣe é léṣe. Nítorí náà, kí aláta tó wọn rodo fún oníbàárà, kó kọ́kọ́ bi í léèrè: "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ ò bá ìyàwó kejì jà? Ẹ mú fọ́tò pàsípọ́ọ̀tù méjì wá." Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ra ìbọn, ó gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó gbé e lé e lọ́wọ́, kí inú tó ń bí i lè rọ̀. Àwa náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ra ata lónìí, ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò fi dúró kó tó gbé e relé. Kí àlejò tó wà nílé máa mu omi títí inú á fi rọ̀.

A ò ní gbàgbé owó gbà-máa-bínú. Ní àwọn ilẹ̀ kan, ìjọba máa ń san owó fún ẹni tó bá wá kó ìbọn sílẹ̀. Ká ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ odó. N5,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí èrò! Gbogbo ọmọ odó tó ti ya, gbogbo èyí tí ikán ti jẹ, gbogbo èyí tí ìyá ìyá wa sọ sí ẹ̀yìnkùlé, ni a máa kó wá gbowó. Èyí tó dára á wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ìjọba á ya fọ́tò pẹ̀lú òkìtì igi, wọ́n á ní ìlú ti tòrò.

Olè ńkọ́? Ibo ni olè ti máa forúkọ sílẹ̀? Ta ló máa bá a ya pàsípọ́ọ̀tù? Olè kì í gba láísẹ́ńsì. Nígbà tí gbogbo wa bá ti kó ọ̀bẹ sílẹ̀ tán, tí a ń fi eyín ya iṣu, òun nìkan ni yóò ku ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ti rẹ́rìn-ín tó. Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé àwàdà lásán ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ìdáná dìde láìṣàwàdà rárá. Ní 2005, àwọn dókítà mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan ní ìlú London kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, tí wọ́n ń pè ní British Medical Journal, pé kí ìjọba fòfin de títa ọ̀bẹ ìdáná gígùn tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Wọ́n ní àwọn bi àwọn ògbóǹtagí alásè mẹ́wàá léèrè, àwọn yẹn sì ní kì í ṣe dandan kí ọ̀bẹ gígùn ní ẹnu ṣóńṣó. Ìjọba wọn kò gba ìyẹn títí di òní, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lè ra ọ̀bẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham mọ̀ ọ́n. Kì í sì í ṣe pé àwọn dókítà yẹn ya wèrè. Àwọn ni wọ́n ń rán ọgbẹ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń gún lọ́bẹ lálaalẹ́. Ìyá tó ti pàdánù ọmọ sí ẹnu ọ̀bẹ kò ní bá wa rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí.

Nílé wa ńbí náà, ẹ rántí Sniper. Ní 2019, àwọn èèyàn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ń gbé oògùn ẹ̀fọn yìí mu láti pa ara wọn. Àjọ NAFDAC, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè ń darí, fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. A pariwo nígbà yẹn. A ní ohun tí a fi ń lé kòkòrò ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Àwọn kan nínú wa sì wà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, tí wọ́n ń da irú oògùn yẹn sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Oògùn yẹn ló fà á tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà ní 2015.

Ṣé òfin Sniper yẹn burú? Rárá. Ẹ wo ilẹ̀ Sri Lanka. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń mu oògùn kòkòrò kú lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìjọba wọn kò lọ máa yẹ àpò àgbẹ̀ wò lójú ọ̀nà. Àwọn oògùn tó le jù ni wọ́n dá dúró, wọn kò jẹ́ kó wọ̀lú mọ́. Iye àwọn tó ń pa ara wọn wálẹ̀ gidigidi. NAFDAC náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó ra ìgò kan, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Orísun omi la ti ń dí i. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ gbọ́n omi lẹ́nu ọ̀nà ilé olómi, tí kò lọ dí orísun, yóò gbọ́n ọn títí alẹ́ á fi lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ìyẹn wá sórí ìbọn.

A ò ní parọ́ pé ọ̀bẹ àti ìbọn ogun jẹ́ bákan náà. Ọ̀bẹ ń rẹ́ àlùbọ́sà, ọmọ odó ń gún iyán, ata ń sọ ọbẹ̀ di ọbẹ̀. AK-47 kò rẹ́ àlùbọ́sà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Ní ìlú Dunblane ní ilẹ̀ Scotland, ní 1996, ọkùnrin kan wọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì yìnbọn pa ọmọdé 16 pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Ìbọn rẹ̀ ní ìwé o! Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí wọ́n pín ìbọn fún gbogbo ìsọ̀ lọ́jà, a ò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ìjà ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ lórí ààyè ìjókòó. Ẹ dúpẹ́ pé ahọ́n nìkan ló wà lọ́wọ́ wa.

Ṣùgbọ́n irú ìbọn wo ló ń pa wá? Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 2020, wọ́n yìnbọn pa Ọlúfọ̀n ti Ìfọ̀n, Ọba Israel Adéùsì, lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ọba aládé! Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti St. Francis ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú ìbọn àti bọ́ǹbù, wọ́n sì pa bí èèyàn 40, tọmọdé tàgbà. Àwọn oníṣòwò wà nínú wọn, àwọn oníbàárà wa wà nínú wọn. Ṣé ṣakabùlà ọdẹ ọjà ni wọ́n fi ṣe ìyẹn? Ìbọn ogun ni. Ìbọn tó jẹ́ pé lábẹ́ òfin 1959, ààrẹ nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Òfin ti wà fún un láti ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, kò sì dá a dúró lójú ọ̀nà.

Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kì í hù nínú oko kòkó. Ẹnubodè ló ń gbà wọlé. Lẹ́yìn tí ìjọba Gaddafi ṣubú ní Líbíà ní 2011, ìbọn fọ́n ká gbogbo aṣálẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ wa. Òmíràn sì ń jáde láti inú ilé ìkóhun-ìjà-sí ìjọba fúnra rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá kọlu àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ti ṣọ́jà. Ibẹ̀ ni orísun wà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìnnà, ibẹ̀ le, ibẹ̀ sì léwu. Bàbá ọdẹ ọjà wà nítòsí, kò lè sáré, kì í sì í yìnbọn fún ẹni tó bá dá a dúró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n ń mú. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn náà wà níbẹ̀. Oṣù Kẹta 2020 ni olóògbé Gómìnà Rótìmí Akérédolú fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, nígbà tí fídíò kan jáde tó fi àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú hàn ní Katsina tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo AK-47, gómìnà náà bínú. Ó bèèrè ìdí tí wọ́n fi gbà fún ibì kan, tí wọn kò gbà fún Àmọ̀tẹ́kùn. Ẹni tó bá fẹ́ lè bá wọn jiyàn lórí irú ìbọn tó yẹ ẹ̀ṣọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè jiyàn pé ọ̀nà Ọ̀wọ̀ àti ọ̀nà Oǹdó ti rọrùn fún obìnrin tó gbé ẹrù sínú ọkọ̀ láago márùn-ún ìdájí. Àwa là ń gba ojú ọ̀nà yẹn. Àwa là ń dá owó ìtúsílẹ̀ jọ bí wọ́n bá gbé ẹnìkan nínú wa.

Kí wá ni a fẹ́? A ò fẹ́ kí òfin ìbọn kúrò. A fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ.

Èkíní, kí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ètò ìforúkọsílẹ̀ ṣakabùlà wá sítòsí, sí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kó má wọ́n, kó má gba oṣù mẹ́fà. Bàbá ọdẹ kò kọ̀ láti gba ìwé. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń gbà á ni, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n ń bèèrè owó ẹ̀yìn. Òfin tí tálákà kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, pàkúté ni.

Èkejì, ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀. Kí a kọ orúkọ gbogbo ọdẹ tí à ń sanwó fún sílẹ̀, kí á mọ ilé wọn àti onídùúró wọn. Ẹni tó bá ń mu ògógóró lẹ́nu iṣẹ́, kí á dá a dúró. Nínú òfin 1959, ibi tó ti sọ̀rọ̀ ọ̀mùtí àti ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran, ó bọ́gbọ́n mu fún ìbọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé a fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀bẹ.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má bá èèyàn fi àpò tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́ sí ìsọ̀ o. Kódà bó jẹ́ àbúrò ọkọ. Orísun kékeré náà wà láàárín wa.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn tó wà ní Àbújá lọ dúró sí ẹnubodè pẹ̀lú gbogbo agbára tí wọ́n fi dá bàbá ọdẹ dúró. Àìtètè mú olè, olè á mú olóko.

Bí wọn kò bá lè ṣe ìyẹn, bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó rọrùn láti mú ni wọ́n ṣì fẹ́ máa wò, a jẹ́ pé òfin tiwa náà dúró. Kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Àwa ará Oǹdó á tò sí ìlà ní Àbújá, kálukú pẹ̀lú ọmọ odó léjìká, ká lọ gba ìbuwọ́lù ààrẹ. Kí wọ́n kàn bá wa se iṣu sílẹ̀ de ìgbà tí a bá dé, nítorí ọ̀nà jìn, ebi á sì ti máa pa wá.